Orí Ni Kò Sí

Agogo kan òru, Ebúté Mẹ́ta.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì inú ilé ń dún píì, píì,
bí òròmọdìẹ tí ìyá rẹ̀ kò dé.
Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan,
mo ní kó rọ ẹrù kan fún mi,
ẹrù kékeré, tí ń bá ni ṣírò ìwọ̀n ọmọ tuntun.

Ó ní òun gbọ́.
Ó ní ṣùgbọ́n ẹrù yìí kì í dá rìn,
kí n kọ́kọ́ lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.
Mo pe ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní láìsí àna òun, òun kò ní wọlé.
Àna dé, ó ní ẹ̀dà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi ń kí òun,
ẹ̀dà tuntun lòun ń bá sọ̀rọ̀.
Ta ló rán mi níṣẹ́ alárinà?
Mo kàn fẹ́ ka ọmọ ni, mo ti ń to ẹbí.

Ìlà ń sáré lójú gíláàsì,
funfun lórí dúdú,
bí èèrà tó ń ru ẹyin sá fún òjò.
Alágbẹ̀dẹ inú rẹ̀ ń lu irin,
fáànù rẹ̀ ń fẹ́ bí ẹwìrì, itan mi ń jó.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.
Ó kọ ọ́: iṣẹ́ kò yọrí.

Gbogbo èyí, nítorí Sìdíkátù,
agbẹ̀bí ní Ìdúmàgbò.
Ọdún mọ́kànlá ló fi bírò búlúù kọ
ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́fà.
Ó fi ọ̀rá dì wọ́n, ó gbé wọn gba orí afárá Kátà wá bá mi.
"Mórẹ́nikẹ́, bá mi wò ó.
Ṣé lóòótọ́ lọ́mọ ń fúyẹ́ sí i,
àbí ọwọ́ mi ló ń parọ́?"

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn títí ojú mi pọ́n.
Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe,
mo gbé adé ọ̀gá wọ̀, mo pàṣẹ,
mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u.
Mo pe Ṣóyoyè ní Àkókà, ẹni tí kì í sùn.
Ó yán, ó ní,
"Má bá ẹni tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà jà.
Wọ yàrá lọ. Inú ibẹ̀ lòkú wà."

Mo yí i sókè, irinwó ìlà,
láàárín ìkìlọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni rí,
mo bá a níbi tó jókòó jẹ́ẹ́ sí:
ara wà, ó ní, orí ni kò sí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jí ará ilé.
Ara ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí!
Àwọn tó dì í ló yọ orí rẹ̀ sọ́tọ̀,
wọ́n fi sínú àpò mìíràn,
wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rọ nǹkan ni kó wá orí lọ.
Mo wá a lọ.
Dátà tó kù lórí fóònù mi ló bá a rìn.

Alágbẹ̀dẹ tún gbé ọmọ owú.
Rélùwéè àárọ̀ fọn fèrè lápá Òyìngbò,
bátìrì ku ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún,
nígbà tó kọ ọ́, láìkí mi kú iṣẹ́:
ó ti parí.

Mo da ọmọ Sìdíkátù sínú rẹ̀,
ẹgbàajì ọmọ ó lé díẹ̀.
Ó kà wọ́n lọ ràì, ó wá dúró lórí ẹyọ kan:
ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọkùnrin,
àyè ìwọ̀n ṣófo.
Kí ni kí n kọ síbẹ̀?
Òdo kọ́. Òdo yóò ní a kò bí i.

Mo pe Sìdíkátù lẹ́yìn ìrun àárọ̀.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, "Iná lọ lóru ọjọ́ yẹn,
n kò rí ojú òṣùwọ̀n.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e.
Ó wúwo."